Ewúrẹ́ Tó Jẹ́wọ́ ní Kóòtù àti Itọ́ Tí Mo Tu Sínú Ìgò

Ugwuaji, Enugu.

Ràfíátù Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọ lórí ìjókòó, torí ó gùn.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lo fi ń pè mí tí mi ò gbé e. Bí o bá sì pe ìyá rẹ, ohun tó máa ń sọ ni pé, “Bàbá rẹ wà ní mọ́sálásí.” Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o bi í bóyá wọ́n ti fi mí jẹ lèmọ́mù ni. Ó gé fóònù, ó kọjú sí mi, ó ní, “Bàbá Ràfíátù, irọ́ tí ẹ ní kí n máa pa ti pọ̀ ju èyí tí mo lè rántí lọ. Ẹ kọ̀wé sọ́mọ yín.” Òun ni mo fi jókòó sídìí tábìlì yìí.

Ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ wà, kí n tó padà sílé. Wọ́n gé díẹ̀ nínú ahọ́n mi ni. Má dìde. Má tíì wọ mọ́tò. Ara mi ti ń yá, mo ń mu ẹ̀kọ, mo sì ti ń bá ìyá rẹ jiyàn. Àmọ́ gbogbo “ṣ” ẹnu mi ti di “s”. Bí mo bá fẹ́ sọ pé “ẹ ṣílẹ̀kùn”, “ẹ sílẹ̀kùn” ló ń jáde. Ìyá rẹ ní ará Ọ̀fà lòun fẹ́, òun ò mọ̀gbà tí òun di aya ará Ìbàdàn. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ohùn yìí lórí fóònù kí o wá bú sẹ́kún níwájú àwọn tó ń kí ọ ní “mà”. Ọ̀gá ọlọ́pàá tuntun kì í sunkún lọ́sẹ̀ tó wọlé.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé Ìgbò àti Píjìn ló yá ọ lẹ́nu jù. Ìlọrin ni wọ́n gbé ọ lọ. O kò lè máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá arúgbó nílùú yẹn kí o máa ní “Mama, wetin happen?” Bí ibì kan kò bá yé ọ, kà á sókè. Bí kò bá tún yé ọ, fi han kọ́ńsítébù kan. Èyí sì gbé mi dé orí ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́.

Ìmọ̀ràn kìn-ín-ní: ohun tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì sùn nínú ìdajì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Enugu, ìdí káúńtà ni wọ́n fi mí sí, torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Lẹ́tà mi máa ń tò bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń yìn ín. Kò sẹ́ni tó ń kà á.

Lọ́jọ́ kan, káfíńtà kan tó ń jẹ́ Okeke fa ọkùnrin kan wọ tẹ́ṣàn, ó ní ó jí òun léwúrẹ́. Nínú ìwé wa, àyè kan wà fún ẹni tó mú ẹjọ́ wá, òmíràn wà fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì gùn, mi ò sì mọ èwo ni èwo. Mo lè bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú ń tì mí. Mo bá fi orúkọ Okeke sí ibi tó fẹ̀ jù. Mo lọ jẹun ọ̀sán. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ṣí ìwé, ó ka orúkọ tó rí, ó sì ti Okeke mọ́lé. Olè náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Okeke wà nínú àtìmọ́lé títí oòrùn fi rọ̀, ó ń pariwo pé òun ló ni ewúrẹ́. Nígbà tí mo padà dé tí ọ̀gá bi mí, mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Wọ́n ní kí n lọ mú olè náà padà wá, a sì dé kóòtù. Adájọ́ gbé ohun tí mo kọ, ó wò ó, ó tún un wò, ó wá kà á sókè. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ohun tó kà ni pé: “Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ewúrẹ́ náà rí mi, ó sá, mo lé e, mo mú un, ó sì jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ pé òun ló jí Okeke gbé.”

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Kọ́ńsítébù, èdè wo ni ewúrẹ́ náà fi bá ọ sọ̀rọ̀?”

Ràfíátù, mo lè sọ níbẹ̀ pé mo ṣìwé kọ. Mo na ara mi ró, mo kí i bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá, mo ní, “Ìgbò ni, sà.”

Kóòtù rẹ́rìn-ín títí akọ̀wé wọn fi jáde lọ mu omi. Wọ́n dá olè sílẹ̀. Okeke nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò mí, ewúrẹ́ rẹ̀ ò sì padà sílé. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ti kúrò létí mi. Ojú Okeke ò tíì kúrò lójú mi. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Àmọ́ tí èkúté bá wọ aṣọ ìjọba, ẹlòmíràn ni ológbò ń pa jẹ.

Ìmọ̀ràn kejì: má fojú di ẹni tó mọ̀wé jù ọ́, bó tilẹ̀ kéré sí ọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ó yẹ kí n ronú. Èmi kọ̀, inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Wọ́n gbé kọ́ńsítébù obìnrin kan wá, Ifeoma lorúkọ rẹ̀. Ó jáde girama, ó sì ń kàwé bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Mo máa ń pè é ní “Madam Grammar”. Bó bá gbé ìwé, màá ní, “Ìwé kì í lé olè. Ẹsẹ̀ ni.”

Lásìkò yẹn, wọ́n ń jí máṣíìnì ìránṣọ lọ́wọ́ àwọn télọ̀ ní Ogui New Layout. Èmi àtàwọn ọkùnrin máa ń lọ lúgọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, a ó jókòó sídìí ògiri bí ẹni tó ń tajà tí kò ní ọjà. A ò rí ẹnì kan. Ifeoma ò kúrò ní tẹ́ṣàn. Ó kó àwọn ìwé ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá jáde, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó wá bá mi.

Ó ní, “Oga, ẹ̀yin lẹ kọ méjì nínú mẹ́ta yìí. Ẹ ò rí i pé télọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ pé ẹnì kan náà tún máṣíìnì wọn ṣe lọ́sẹ̀ tí wọ́n jí i?”

Mi ò rí i. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ojú mi ò kà á. A lọ sílé ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe. Máṣíìnì méje ló wà níyàrá rẹ̀, ó fi aṣọ bò wọ́n bí ìyàwó. Ifeoma ò sáré ìṣísẹ̀ kan. Ìyá rẹ, tó wà lára àwọn tí wọ́n jí máṣíìnì wọn, wá gba tirẹ̀ ní tẹ́ṣàn, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ rí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifeoma. Ó bi mí pé kí ni èmi ṣe níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo tọ Ifeoma lọ, mo ní kó kọ́ mi níwèé. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, “Ẹ mú ìwé onílà kan wá lọ́la, Oga.” Lẹ́yìn iṣẹ́, a máa ń jókòó sẹ́yìn tẹ́ṣàn, èmi ọkùnrin onírùngbọ̀n, màá máa ka ìtàn ìjàpá nínú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ìka mi á máa tọ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa èèrà. Nígbà tó yá, mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Láti ibi iṣẹ́ ni mo gba lọ, nínú aṣọ ọlọ́pàá. Bí mo ti wọlé, alábòójútó ìdánwò ní, “Officer, ẹ káre, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ dúró.” Ó rò pé wọ́n ní kí n wá ṣọ́ wọn ni. Torí ọlọ́pàá kì í jiyàn sí àṣẹ, mo dúró. Ìdajì wákàtí ni mo fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìdánwò tèmi fúnra mi. Ìgbà tí wọ́n pe nọ́ńbà mi tí ẹnì kankan ò jẹ́ ni mo tó nawọ́. Ìṣirò gbé mi ṣubú lọ́dún yẹn. Lọ́dún kejì, mo gba gbogbo rẹ̀. Ọdún náà ni mo di sájẹ́ǹtì, ìyá rẹ sì gbà láti fẹ́ mi. Ó ní òun ti ń retí kí n kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun.

Ìwọ ti kàwé jù mí lọ, o ti gba oyè yunifásítì, ràwọ̀ sì wà léjìká rẹ. Nítorí náà, gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. A ní ọ̀gá kan nígbà kan tó gba oyè méjì. Ìyá àgbà kan wá, ó ní ọkọ òun arúgbó jáde láàárọ̀, kò padà. Ọ̀gá ní kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé, kó dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá náà ò mọ̀wé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkọ rẹ̀ náà sì rèé, lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó ń mu tíì, torí àwọn èèyàn rere ti mú un wá láti òwúrọ̀. Ọ̀gá ò gbójú sókè wò. Ìwé tó bá bo èèyàn lójú, ó sàn kó má kà á. Bí o bá bá àwọn sájẹ́ǹtì àgbà níbẹ̀ tí wọn ò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì, bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n mọ ilé olè àti ìyá olè. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àmọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá kí o fọwọ́ sí, kà á dé ìsàlẹ̀. Ewúrẹ́ lè wà níbẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ahọ́n. Mo ti ń sá fún un láti ojú ìwé àkọ́kọ́.

O mọ̀ pé mo máa ń rọ́ aṣáà sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi lápá òsì, tí mo sì ń fi obì tẹ̀ lé e. Orí iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Bí o bá dúró lórí títì láti òwúrọ̀, ẹnu á fẹ́ rí nǹkan ṣe. Lọ́dún tó kọjá, egbò kékeré kan yọ níbẹ̀. Mo ní eyín ló gé mi. Oṣù kan, kò jinná. Oṣù méjì, ó ní funfun yí i ká. Mo fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo fi ataare sí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sórí òrùlé. Mi ò sọ fún ẹnì kan. Lọ́jọ́ tí ẹ yan fáńda ìparí ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá yín, tí mo ní mi ò lè jẹ ráìsì torí mò ń gbààwẹ̀ nọ́fílà, irọ́ ni. Ata ọbẹ̀ náà ni mi ò lè fojú kàn.

Ìyá rẹ ló mú mi. Ó rí i pé mò ń fún ológbò aládùúgbò lẹ́ran. Ó gbé àga síwájú mi, ó ní, “Ẹ la ẹnu.”

Mo ní, “Kí ló dé?”

“Mo ní kí ẹ la ẹnu. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bá ọlọ́pàá gbé, mo mọ ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.”

Mo la ẹnu. Ó wò ó. Ó wọ yàrá lọ mú ìborùn rẹ̀. Nígbà tí obìnrin yẹn bá mú ìborùn láìbá mi jiyàn, mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Ilé ìwòsàn ńlá la lọ, ẹ̀ka eyín. Dókítà obìnrin kan ló dá wa lóhùn, Chinelo ni wọ́n ń pè é, kò lè ju ọ lọ púpọ̀. Ó ní egbò ẹnu tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò jinná, kí èèyàn má fi ṣeré, àgàgà ẹni tó ń lo aṣáà. Ó ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹnu, ó sì lè má jẹ́ ẹ. Ó ní àwọn kan níbẹ̀ ń ṣe ìwádìí lórí bóyá a lè tètè rí àmì rẹ̀ nínú itọ́, bóyá màá fẹ́ fún wọn ní tèmi kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò tó kù.

Ó gbé ìwé olójú méjì fún mi kí n fọwọ́ sí. Mo fi awò sójú, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń kùn. Mo bi í pé ọdún mélòó ni wọ́n máa tọ́jú itọ́ mi, àti pé ṣé mo lè gbà á padà bí mo bá yí ọkàn padà. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Baba, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ka ìwé yìí tán láti ìgbà tí mo ti wà níbí.” Mo fọwọ́ sí i. Bí o bá rí Ifeoma, bá mi kí i.

Ó wá ku òfin kan ṣoṣo: wákàtí kan kí n tó tutọ́, n kò gbọ́dọ̀ jẹ, n kò gbọ́dọ̀ mu, n kò gbọ́dọ̀ jẹ obì. Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀rù ló ń bà mí, bí ẹ̀rù bá sì ń bà mí, obì ni. Awẹ́ kan wà nínú fìlà mi. Mo ní mò ń lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbà tí mo padà tí mo tutọ́ sínú ìgò, ó pọ́n bí omi amọ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbà á ta gìrì.

“Baba, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?”

Mo ní, “Bóyá.”

Ó gbé ìgò sókè sí iná, ó mì í, ó wò mí. “Baba, na kola be this.”

Ẹ̀rún obì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìgò. Èmi tí mo ti ń kó ẹ̀rí wọ kóòtù láti ìgbà èwe mi, ẹ̀rí ló wá ń wò mí lójú yìí. Ìyá rẹ gba fìlà lórí mi, ó gbọ̀n ọ́n, awẹ́ méjì mìíràn já bọ́. Wọ́n ní kí n lọ fi omi yọ ẹnu kí n tún jókòó wákàtí kan, ìyá rẹ sì jókòó tì mí bí ẹ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn wákàtí náà, itọ́ kọ̀, kò wá. Èmi tí mo ti tutọ́ sí gbogbo kọ̀rọ̀ Ugwuaji, mi ò rí èyí tó kún ìdérí. Ọmọbìnrin náà ní kí n ronú nípa oúnjẹ. Ìyá rẹ bá tẹ̀ sí etí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àbàchà, ẹ̀gẹ́ gígé àwọn Ìgbò tí mo fẹ́ràn, bí wọ́n ṣe fi epo pò ó, bí èso ugba tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ṣe wà lórí rẹ̀, bí ẹja ṣe nà gbalaja sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tó dé orí àlùbọ́sà, ìgò ti kún.

Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀fà lórí fóònù, mo kọ ọ́ láìfi àmì sí i: “Won ni ki n gbe ito mi wa fun ayewo.” Ẹ̀gbọ́n mi kà á ní ìtọ̀. Kó tó di ọ̀la, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé mi ò lè tọ̀ mọ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì fi ìgò àgbo mẹ́rin ránṣẹ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn kẹta, tàbí ìkẹrin, mi ò rántí mọ́: bí o bá ń kọ Yorùbá, fi àmì sí i. Àmì ohùn ló ń sọ ibi tí omi ń gbà jáde lára èèyàn.

Nígbà tí èsì dé, Dókítà Chinelo pe àwa méjèèjì wọlé. Ó ní ohun kan wà nínú itọ́ náà tí kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ó ní itọ́ ò lè dájọ́, ìfura lásán ló ń gbé wá. Àfi kí àwọn gé ẹran tín-ín-rín níbẹ̀, kí àwọn wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà yé mi ju bó ti rò lọ. A kì í torí ìfura ti èèyàn mọ́lé, a kì í sì í torí pé ìfura ni ká má tètè wádìí. Wọ́n gé e, wọ́n wò ó. Jẹjẹrẹ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, kò tíì rìn lọ síbì kankan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Wọ́n gé ibi tó wà kúrò. Oṣù méjì-méjì ni màá máa lọ kí wọ́n wo ẹnu mi. Aṣáà ti parí. Ìyá rẹ da ìyókù sínú ṣáláńgá, ó sì dúró wò ó títí ó fi rì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú nínú rẹ̀ ni pé mo fi oṣù méje pa egbò mọ́ torí mo fẹ́ kí o rò pé bàbá rẹ le. Bí nǹkan bá ń ṣe ọ́, lára rẹ tàbí níbi iṣẹ́, wí. Bí o bá ṣìṣe nínú ìwé, tètè lọ bá ọ̀gá rẹ kí ẹlòmíràn tó rí i. Ẹni tí yóò bá ọ wí lónìí sàn ju ẹni tí yóò ṣàánú rẹ lọ́la.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó lọ, mo tún jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìrun, Alhaji Làmídì tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Télọ̀ ni, ará Ìsẹ́yìn, ó ti wà ní Ogui kí n tó dé, aṣáà rẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, “Sájẹ́ǹtì, ẹ bá mi wo nǹkan.” Ó la ẹnu níbẹ̀, lójú oòrùn, pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo wò ó. Funfun kan wà lábẹ́ ètè rẹ̀.

Ó ní, “Kí lẹ rí?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀, Alhaji. Mi ò kọ́ ọ. Ọjọ́ Ajé, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n.”

Ó ní òun ní aṣọ ìyàwó tí òun fẹ́ gé lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kí ìyàwó náà dúró. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ agbádá tó le bí pákó, ó fi lọ́fínńdà sí i bí ẹni ń lọ ṣe ìsọmọlórúkọ, a sì jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní wákàtí kan kó má jẹun. Ó ní láti ọjọ́ Sátidé lòun ò ti fi nǹkan kan ẹnu, kó má baà di pé òfin sọnù lọ́wọ́ òun. Èsì rẹ̀ ò tíì jáde. A jọ ń retí ni.

Kí Ọlọ́run fi ọ̀nà hàn ọ́ nínú iṣẹ́ náà. Kí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ má sunkún kúrò níbẹ̀. Kí ràwọ̀ èjìká rẹ má pọ̀ ju ọgbọ́n orí rẹ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sájẹ́ǹtì Ráájì, tó ti fẹ̀yìn tì.

Èmi ìyá rẹ ni mo ń kọ èyí sísàlẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ. Ohun tí kò kọ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e wọlé iṣẹ́ abẹ, kó tó di pé ẹnu rẹ̀ ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ó ní kí gbogbo nọ́ọ̀sì dúró ná. Wọ́n rò pé ó fẹ́ gbàdúrà. Ó ní ọmọ òun jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, ó sì sọ orúkọ rẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi lè pè é dáadáa.